Kọ́nà Tó Wà Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tí kò jẹ́ kí n fẹ́ràn físíìsì nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa, kò sí nǹkan kan tó ń dé ibi tó ń lọ. Wọn á so òkúta mọ́ okùn, wọn á máa fi í yípo, okùn á já. Wọn á gbé ọmọ kékeré sórí àga tó ń yí bìrí, ọmọ á ṣubú. Wọn á ní ọkọ̀ kan ń yí kọ́nà, táyà á yọ̀, ọkọ̀ á wọ igbó. Lẹ́yìn gbogbo jàǹbá wọ̀nyí ni wọn á wá fara balẹ̀ bi ọ́ pé báwo ni eré tó ń sá ṣe pọ̀ tó nígbà tó ṣẹlẹ̀. O ò bá rò pé ọlọ́pàá ni ẹni tó kọ ìwé náà.

Àwọn ọdún 1980 ti ń lọ sópin nígbà náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, níbi tí mo ti ń ka ọdún kan tí wọ́n fi ń múra ọmọ sílẹ̀ fún yunifásítì, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé wa. Mo yege nínú ìṣirò, mo yege nínú kẹ́mísìrì. Físíìsì ni mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀, láìsí físíìsì, wọn ò lè gbà mí láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ilé ìwé fún àwa tí a fìdí rẹmi láyè láti tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní òun ti gbọ́, òun kò bínú, ṣùgbọ́n bí mo bá tún fìdí rẹmi, kí n kó ẹrù mi wálé kí n máa bá ìyá mi ta òwú àti bọ́tìnì ní ọjà Akẹ̀sán.

Ìyá mi kò tilẹ̀ dúró kí ọjọ́ náà pé. Ó ti sún páálí òwú méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ti gbé àpótí ìjókòó kékeré kan sí àyè tó ṣẹ́ kù. Ó ní òun kò gbàdúrà kí n wá jókòó lórí rẹ̀, òun kàn gbálẹ̀ dè mí ni. Nígbàkígbà tí mo bá dé ìsọ̀ yẹn, àpótí náà á dà bí ẹni tó ń wò mí, ọkàn mi á sì bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ ìdí rẹ̀. Èmi kì í ṣe onísùúrù ènìyàn. Bí oníbàárà bá yẹ bọ́tìnì kan wò lọ́tùn-ún lósì tí kò sì rà á, ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi, ọjà á fọ́.

Nígbà tí ilé ìwé fún wa ní ìsinmi díẹ̀, mo wálé wá kàwé fún àtúnṣe yìí. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ti lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè ka Yorùbá bó bá rọra ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n máa túmọ̀ ohun tí mò ń kà fún òun, nítorí òun fẹ́ mọ irú nǹkan tó le tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ dá ọmọ òun padà sílé. Mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ń tú òwú tó lọ́ pọ̀, èmi ń túmọ̀ ìbéèrè àkọ́kọ́: ọkọ̀ kan ń yí kọ́nà kan, wá iye eré tó máa sá tí yóò fi yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ìyá mi gbé òwú sílẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó wá dúró, ó ń wo ẹnu mi. Mo ṣe àmín kí n lè ráyè ṣírò. Mo túmọ̀ ìbéèrè kejì, èyí tí ọmọ ti ṣubú lórí àga tó ń yí. Ó ní a ò ní fi ọmọ sunkún, mo tún ṣe àmín. Ìbéèrè kẹta ni ti okùn tó já, ìyẹn náà gba àdúrà tirẹ̀, tó gùn ju ìbéèrè lọ. Nígbà tí a fi máa dé ìkẹrin, ó bi mí pé ta ló kọ ìwé náà. Mo ní òyìnbó kan ni.

Ó ní, "Ṣé kò ní ìyá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ní ìyá nílé kò ní jókòó kó máa wá iye eré tí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ máa sá kó tó wọ igbó. Láti ọjọ́ náà, ó ṣòfin. Nínú ilé òun, ọkọ̀ inú ìwé kankan kò gbọdọ̀ wọ igbó. Bí mo bá fẹ́ ṣírò, kí n ṣírò eré tí wọ́n máa sá tí wọ́n á fi délé láyọ̀. Mo ní ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi mí. Ó ní kí n bá wọn yí i padà, pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Inú bí mi. Mo ní ọkọ̀ inú ìwé ni, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ó ní ta wá ni ó ń wà á.

Ní ilé ìwé náà, ẹni tó ń kọ́ wa ní físíìsì kò fi líle jìnnà sí ìyá mi, ibi tí wọ́n kọjú sí ló yàtọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìdílé Onítẹ̀bọmi láti ìgbà àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, díákónì ni òun fúnra rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ máa ń dé orúnkún. Láti ìgbà tó bá ti wọ kíláàsì títí yóò fi jáde, Gẹ̀ẹ́sì ni. A gbà láàárín ara wa pé bí àkekèé bá ta á, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ké. Ó kórìíra kí ènìyàn gbé àdúrà wọ inú ìwé ìdánwò. Ọmọ kan kọ ọ́ sórí tirẹ̀ rí pé Ọlọ́run á ṣe é. Olùkọ́ yìí fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìwọ náà fi bí o ṣe ṣe é hàn. Ó wá sọ fún gbogbo wa pé ìwé ìdánwò òun kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe mọ́ṣáláṣí.

Èmi àti ọkùnrin yìí ní ìjà kan tí kò tán. Bó bá ní kí a ya ọkọ̀ tó ń yí kọ́nà, kí a sì fi ọfà tọ́ka sí ibi tí agbára kọ̀ọ̀kan kọjú sí, èmi á ya ọfà gbọọrọ kan tó ń ti ọkọ̀ náà síta, síhà igbó. Gbogbo ìgbà ni yóò máa fi bírò pupa yí ọfà náà ká, tí yóò sì bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ló ń tì í. Ní ọjọ́ kan, ó dúró lé mi lórí ní kíláàsì, ó ní kí n fi ọwọ́ tó ń tì í han òun. Ó ní ohun tó bá ń lọ, tí a kò bá fọwọ́ kàn án, tààrà ni yóò máa lọ, bó bá sì ń yípo, á jẹ́ pé nǹkan kan ń fà á wá sáàárín nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo há a sórí, mo lè kà á lójú oorun. Ṣùgbọ́n bí pẹ́ńsù bá ti kàn mí lọ́wọ́ báyìí, ọfà mi á tún kọjú sígbó.

Ṣé ẹ̀bi mi náà ni? Ta ni kò wọ bọ́ọ̀sì tó ń yí kọ́nà rí, tí kò rọ́ lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo mọ ọwọ́ tó ń tì í. Gbogbo ará ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ àdúrà tí wọ́n ń gbà fún ẹni tó bá ń rìnrìn àjò, pé ọwọ́ ayé kò ní tì í, ọwọ́ ọ̀tá kò ní tì í. Ọkọ̀ kan kì í dédé wọ igbó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ tì í. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ ní kí n fi ọwọ́ náà han òun, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, Gẹ̀ẹ́sì tí mo máa fi sọ ọ́ ni mi ò ní. Ọwọ́ ayé ni mo ń yà láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì mọ̀.

Nígbà tí ìwé kíkà kò yanjú rẹ̀, mo ní kí n fi ojú rí i. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ju korobá omi yípo kọjá orí, bí eré rẹ̀ bá tó, omi kò ní dà. Mo pọn omi, mo lọ sí àgbàlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju korobá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, omi náà wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé ó sùn. Orí mi wú. Ibi tí mo ti ń gbádùn ara mi ni ìyá mi ti jáde láti ilé, ó sì bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ta ló ṣe mí. Mo yíjú, ọwọ́ mi dẹ̀, omi dà lé mi lórí, èyí tó kù dà sórí láfún tí aládùúgbò wa sá sórí ẹní. Ìyá mi ló bẹ obìnrin náà. Ó ní kó má bínú, ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ilé ìwé ni. Aládùúgbò náà béèrè irú iṣẹ́ tí ènìyàn máa fi ìyẹn ṣe bó bá jáde, ìyá mi sì ní òun náà ń ronú nípa rẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n fi ìdánwò náà sí, nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo gbéra láti Ọ̀yọ́. Ìyá mi sìn mí dé gáréèjì. Ó gbàdúrà lé mi lórí títí tí àgbèrò fi sọ fún un pé kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn èrò tó kù. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló fún mi: kí n má sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Mo ṣèlérí. Ọkọ̀ kò tètè kún, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Iwájú ni wọ́n fi mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Bàbá àgbàlagbà kan gbàdúrà ọ̀nà fún wa, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ṣe àmín, a gbéra.

Dírẹ́bà náà fẹ́ gba àkókò tó ti sọnù padà. Mo ṣí ìwé mi sórí itan, ojú mi sì bọ́ sórí ìbéèrè ọkọ̀ tó ń yí kọ́nà. Mo gbé ojú sókè, mo rí kọ́nà gidi níwájú. Mo wo aago eré, ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá ọgọ́rin. Mo fi ojú wọn bí kọ́nà náà ṣe tẹ̀ tó, mo fi pẹ́ńsù ṣírò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: méjìléláàádọ́rin ni ọ̀dà ojú títì yẹn lè gbà, ìyẹn bí ojò kò bá tíì rọ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ìṣirò náà bọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo gbàgbé ìlérí mi pátápátá.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, ẹ má bínú o. Bí ẹ bá fi eré yìí wọ kọ́nà yẹn, ọkọ̀ yìí máa wọ igbó. Mo ti ṣírò ẹ̀."

Mo rò pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ńṣe ni gbogbo wọn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kan tó ń lọ ra àlùbọ́sà ní Sábó gbá mi léjìká mú láti ẹ̀yìn, ó ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹnì kan ń béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹlòmíràn ń béèrè ẹni tó rán mi. Bàbá tó gbàdúrà ṣí fìlà, ó tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi pé mo ti ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, ó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, "Yí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ padà, tàbí kí o sọ̀kalẹ̀. Mi ò lè gbé ẹ wọ kọ́nà yẹn báyìí."

Igbó ni ọ̀tún, igbó ni òsì. Kò sí ọkọ̀ míì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ìdánwò lọ nìyẹn, ẹnjiníà lọ nìyẹn, àpótí kékeré yẹn sì wà ní Akẹ̀sán tó ń dúró dè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n má bínú, ọmọdé ló ń ṣe mí. Ìyá alálùbọ́sà ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ náà sí ibi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí n tò ó sí ire: ọkọ̀ yìí kan náà, kọ́nà yìí kan náà, kí n má fo ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé òun àti ìyá mi jọ kàwé ni.

Mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ọkọ̀ wa máa wọ kọ́nà yẹn." Wọ́n ṣe àmín. "Táyà ẹ̀ á di ọ̀dà mú." Wọ́n ṣe àmín. Ó kù kí n sọ ohun tí ọ̀dà náà máa ṣe. Mo ní, "Ọ̀dà náà á di táyà mú. Á máa fà wá wá sínú díẹ̀díẹ̀, kò ní jẹ́ kí a lọ tààrà, títí a ó fi yí kọ́nà náà tán." Wọ́n tún ṣe àmín.

Ibẹ̀ ni etí mi ti gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ti to gbogbo rẹ̀ bí ìyá náà ṣe ní kí n tò ó, n kò fo nǹkan kan, síbẹ̀, mi ò ríbi fi ọwọ́ tó ń tì wá síta sí. Kò sí àyè fún un. Ọkọ̀ náà ń lọ tààrà bí ìṣe rẹ̀, ọ̀nà ló dì í lọ́wọ́ mú tó ń yí i. Bí ìdìmú náà kò bá tó, ọkọ̀ á kàn máa bá tààrà tirẹ̀ lọ ni, tààrà yẹn ni yóò gbé e wọ igbó. Bí a ṣe ń rọ́ lu ara wa nínú bọ́ọ̀sì náà nìyẹn: àwa là ń lọ tààrà, bọ́ọ̀sì ló ti yà. Ọfà mi kọjú sínú, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ yí i níwájú mi. Inú mi dùn débi tí mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

Mo ní, "Kò sí ẹni tó ń tì wá."

Àmín tí wọ́n ṣe sí èyí, ó lágbára ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá àgbàlagbà náà ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ìyá alálùbọ́sà fi èjìká mi sílẹ̀. Mo rí i pé ojú ire ti yí sọ́dọ̀ mi, ni mo bá fi kún un pé ẹ̀gbọ́n wa tó ń wà wá á máa rọra sáré ní gbogbo kọ́nà títí a ó fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Dírẹ́bà náà ti ṣe tirẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

A wọ kọ́nà náà jẹ́jẹ́. Nígbà tí a ń yí i lọ́wọ́ ni mo rántí ìyá mi. Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí mi ò bá láyé. Ẹ̀gbọ́n náà gba ọ̀nà yìí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ kan, kò padà wálé. Nílé wa, wọn kì í sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, "ọjọ́ yẹn" ni wọ́n máa ń pè é, bí wọ́n bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo wa á wá nǹkan míì sọ. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo jókòó sí tí mò ń ka ọkọ̀ tó wọ igbó sí i létí, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, tí mo rò pé òfin rẹ̀ ló ń dí mi lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an nínú ọkọ̀ yẹn. Ó wù mí kí n padà sí Ọ̀yọ́ lọ dì mọ́ ọn.

Wàhálà tó kù ni pé àdúrà náà gbà jù. Dírẹ́bà kò lè sáré mọ́. Bó bá ti fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ iná díẹ̀, ẹnì kan lẹ́yìn á rán an létí pé a ti ṣe àmín sí i. Ó ń rọra yí kọ́nà, ó ń rọra lọ níbi tí kò sí kọ́nà, kẹ̀kẹ́ kan tilẹ̀ yà wá sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ẹni tó gùn ún sì juwọ́ sí wa. Èmi ń wo oòrùn, mò ń làágùn. Mi ò jẹ́ sọ̀rọ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kó sáré?

Nígbà tí a dé, mo fi eré dé ilé ìwé. Olùkọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo eruku ẹsẹ̀ mi, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, òun kò ní fi ìṣẹ́jú kankan kún tèmi. Mo jókòó, mo ṣí ìwé ìbéèrè. Kọ́nà ni ìkẹta: ọkọ̀ kan ń yí kọ́nà kan, ya gbogbo agbára tó wà lára rẹ̀, kí o sì wá iye eré tó máa sá tí yóò fi yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Mo ya ọkọ̀ náà. Mo ya ìwúwo rẹ̀ wá sílẹ̀, mo ya bí ilẹ̀ ṣe gbé e dúró sókè, mo wá ya ìdìmú táyà àti ọ̀dà, mo kọ ojú ọfà rẹ̀ sínú. Mi ò ya ìkẹrin tó ń tì í síta. Mo ṣírò rẹ̀, ìdáhùn jáde, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo kọjá sórí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí mo fi ìwé sílẹ̀ tán, tí mo ti dé abẹ́ igi máńgòrò níta, ni mo rántí pé ọwọ́ mi kò dúró síbi ìlà méjì. Òfin ilé ìyá mi ti wọ̀ mí lára. Lábẹ́ ìdáhùn náà, mo ti kọ ọ́ ní Yorùbá gbọnrangandan pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n sáré tó báyìí. Mo rántí ọmọ tó kọ ọ́ pé Ọlọ́run á ṣe é. Mo ronú kí n padà lọ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n irú ẹ̀bẹ̀ wo ni ènìyàn fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ nípa ìyẹn? Oúnjẹ kò wọlé fún mi dáadáa títí wọ́n fi máa mú àbájáde jáde.

Lọ́jọ́ tó kó àwọn ìwé náà wá sí kíláàsì, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pín egbòogi. Nígbà tó kàn mí, ó na ìwé náà sí mi, kò wo ojú mi. Mo yege. Mo kọ́kọ́ rò pé ti ẹlòmíràn ló fún mi, mo yẹ iwájú rẹ̀ wò, èmi ni. Mo ṣí i dé ìbéèrè kẹta. Kò fi bírò pupa yí ọfà kankan ká. Ó ti fa máàkì sí ọfà tó kọjú sínú, ó fa máàkì sí ìdáhùn, lábẹ́ àdúrà mi, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa kan náà. Mo gbé ojú sókè láti wò ó. Ó ti ń pe ẹni tó kàn.

Mo lọ sí Ọ̀yọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, ọjà Akẹ̀sán ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo sọ fún ìyá mi pé mo yege. Kò pariwo. Ó fa àpótí kékeré yẹn jáde láti inú ìsọ̀, ó gbé e síta níbi tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó ní kí n jókòó, àlejò ni mo di. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n mú ìwé náà wá kí òun wò ó. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Ó ń ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ ìlà lọ, ìka náà ń yára kọjá lórí ohun tí kò yé e. Ó dé ìbéèrè kẹta, ìka dúró. Ó ka àdúrà mi, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ètè rẹ̀ ń mì. Ó sọ̀kalẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ pupa náà, ó kà á: Àmín. Ó tún un kà. Ó bi mí pé ta ló kọ èyí, mo ní olùkọ́ wa ni, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo sọ fún un, tí kì í gba àdúrà láyè nínú ìwé.

Ìyá mi kò tíì gbé ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Ẹni yìí ní ìyá."